Ìlẹ̀kùn Sáfà Tí Mo Ṣọ́ ní Kétu

Bí mo bá fẹ́ ka ọdún, oòrùn tó ṣú lówùúrọ̀ ni mo fi ń kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà á rántí. Òṣùpá gba iwájú oòrùn kọjá, ojú ọ̀run Èkó ṣú bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀, àwọn adìyẹ Ìkòsí ń wá ibi tí wọ́n á sùn sí nígbà tí a ò tíì jẹun àárọ̀ tán. Àwọn ọmọ ilé ìwé gbé fíìmù tí wọ́n fi ya àyà àwọn òbí wọn ní ọsibítù sójú, wọ́n ń fi wo òkè. Mo ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún olè.

Ibẹ̀ ni mo ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wò ó pé iṣẹ́ wo lẹ máa ṣe ni mo ṣe ń sọ ọ́, Àmínà ọmọ ọmọ mi sì ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé. Bí ẹ bá kọ orúkọ mi síwájú mi, mo lè gbá a mọ́ pàǹtí.

Irun ni mo kọ́kọ́ ń dì. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ìkòsí ni mo ń tẹ́ ẹní sí, àwọn obìnrin á jókòó sáàárín itan mi, a ó máa sọ̀rọ̀ títí irun á fi parí. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi irun onírun sí i lórí, ẹní mi wá di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Ẹnì kan bá mi sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Kétu, wọ́n gbà mí pé kí n máa gbálẹ̀ níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń san kò jẹ́ kí ebi pa wá, kò sì sọ wá di olówó. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé iṣẹ́ náà wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń gba orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé Kétu, Ìkòsí àti Alápẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, wọ́n á kó o sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó kọjá. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké wà níta tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá kan wà lẹ́yìn tí òtútù ibẹ̀ dà bíi ti ọyẹ́. Inú ibẹ̀ ni sáfà wà. Sáfà ni ìyá gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. Orúkọ ọmọ yòówù tí wọ́n bá tẹ̀ níta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ sùn.

Ọmọbìnrin kan ló ni yàrá náà, Aunty Bùkọ́lá. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ráṣídà àkọ́bí mi jù ú lọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lo jígí, bí ó bá sì ti wọ yàrá yẹn, ojú rẹ̀ á le bíi ti ọlọ́pàá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo gbé korobá omi àti àkísà wọlé síbẹ̀ láti nu ilẹ̀.

"Mummy! Ẹ dúró! Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kankan mọ́!"

Mo rò pé ejò ni. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

"Omi kì í wọ ibí. Bàtà kì í wọ ibí. Oúnjẹ kì í wọ ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀yìn rìn jáde."

Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde lóòótọ́. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó jáde tẹ̀ lé mi, ó kúnlẹ̀, ó gba korobá lọ́wọ́ mi. "Ẹ máà bínú sí mi, Mummy. Ẹ kú iṣẹ́, mà." Bó ṣe rí nìyẹn. Nínú yàrá, ọ̀gá ni. Bí a bá ti jáde, ọmọ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìgbà tó yẹ kí n bẹ̀rù rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kí n gbá a mọ́ra.

Ọdún kejì ni wọ́n ṣí ọ́fíìsì mìíràn n'Íbàdàn, wọ́n ní kí Aunty Bùkọ́lá lọ máa mójú tó o. Ṣùgbọ́n sáfà ṣì wà ní Kétu. Ẹni mẹ́ta tó mọ̀wé ni wọ́n fi sí yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní rí iṣẹ́ mìíràn. Èkejì ń fi sáfà gbọ́ orin. Ẹ̀kẹta tẹ nǹkan tí wọn ò ní kó tẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko ni a ò fi ríṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ kan ni Aunty wá láti Ìbàdàn, ó bá mi níbi tí mo ti ń nu fèrèsé.

"Mummy, èmi yóò kọ́ yín ní sáfà."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó. "Èmi? Aunty, ṣé ẹ jẹun láàárọ̀?"

"Mo ti ń wò yín. Láti ọjọ́ tí mo ti ní kí ẹ máà wọ bàtà wọlé, ẹ ò wọ̀ ọ́ rí. Àwọn tó mọ̀wé, bí mo bá sọ nǹkan mẹ́ta, wọ́n á fi ẹ̀kẹrin tiwọn kún un. Ẹ̀yin máa ń ṣe é bí mo ṣe sọ ọ́."

Oṣù mẹ́ta ni Aunty fi dúró ní Kétu tí mo fi kọ́ ọ. Mo ti kọ́ iṣẹ́ irun lọ́wọ́ ìyá mi àgbà tó máa ń fi òòyà gbá mi lórí ìka, ṣùgbọ́n mo sọ fún yín, ẹ̀kọ́ irun kò le tó èyí. Bí mo ṣe wo pátákó tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn, gbogbo rẹ̀ dà bí èèrà. Èmi náà ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé, "Aunty, ṣebí ìlà ìlà ni wọ́n tò ó, bí ẹni pín irun?" Ó wò mí, ó wo pátákó náà, ó pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, a ò pe lẹ́tà kankan mọ́. Ìlà iwájú orí, ìlà àárín, ìlà ìpàkọ́. Etí òsì, etí ọ̀tún. Á ní, "Ìlà àárín, ẹ̀kẹrin láti etí òsì," ìka mi á sì ti débẹ̀. Ìka tó ti pín irun fún ogún ọdún kò nílò ojú.

Nígbà tí ó rí i pé ó ń wọ̀ mí, ó fi tówẹ́lì bo pátákó náà. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tówẹ́lì.

"Ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe.

"Ẹ ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un ṣe."

"Aunty, ẹ ò ní jẹ́ kí n mumi?"

"Ẹ lọ mumi níta, Mummy. Kí ẹ padà wá tún un ṣe."

Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ sunkún. Obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta, tí ọmọ tí òun lè bí ń dá lóró. Bí a bá wá ṣíwọ́, òun náà ni yóò gba báàgì mi, tí yóò sìn mí dé ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀, tí yóò máa bi mí bí orúnkún mi ṣe ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ fún un nígbà mìíràn pé, "Bùkọ́lá, ìkà ni ẹ́." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò jẹ́ pè é ní Bùkọ́lá nínú yàrá.

Iṣẹ́ tó kọ́ mi gan-an kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní, "Mummy, sáfà yìí ní ìlẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí. Èkejì wà nínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ṣí ìyẹn, èmi tí mo jókòó n'Íbàdàn lè wọlé síbí kí n ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ìdí rẹ̀ ni mo wà. Bí mo bá ṣe tán, ẹ gbọ́dọ̀ tì í. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹni tí a ò mọ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé."

Bí mo ṣe ń ṣí i nìyí. Màá fi ìka mi tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀. Màá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ti Aunty, bọ́tìnnì mẹ́jọ, tí ìka mi mọ̀ tí ẹnu mi ò mọ̀. Màá gbé ọfà funfun lọ sí àwòrán kọ̀ǹpútà kékeré, màá tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máòsì tí mo fi ń darí ọfà náà, ojú ewé kan á yọ, màá lọ sí abala tó kẹ́yìn lórí rẹ̀. Àpótí kékeré méjì wà níbẹ̀. Inú ti òkè ni màá fi àmì sí. Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ó ní kí n máà fọwọ́ kàn án láéláé. Mi ò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Bí Aunty bá ti wọlé láti Ìbàdàn, ọfà funfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀ lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́, mo sá jáde. Ó wá rò ó pé kò yẹ kí òun máa wọlé bá àgbà láìkí. Nítorí náà, bó bá ti wọlé, á fi ọfà náà yí po lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ojú kọ̀ǹpútà. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Èmi náà á ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ mi.

Ohun kan ló kù. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé òun ló pè lórí fóònù? Ohùn èèyàn jọra. Ó ní kí a ní ọ̀rọ̀ kan láàárín ara wa, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Orí irun náà ni a tún padà sí. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni yóò sọ irun ọ̀sẹ̀ náà fún mi: ṣùkú, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pè pé kí n ṣílẹ̀kùn, kí n bi í pé, "Irun wo ló wà lórí yín?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí n gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni o, Mummy. Ì báà ṣe èmi."

Ọdún mẹ́ta ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Sáfà káàkiri Kétu. Àwọn ọmọ tó ń wá forúkọ sílẹ̀ máa ń yọjú wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

Ó wá di oṣù tí mo sọ yẹn. Ọ̀la ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ọmọ pọ̀ níta débi pé wọ́n ń jókòó lórí àtẹ̀gùn. Fóònù dún nínú yàrá mi.

"Ìyá Sáfà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìdúró. Ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà?"

Ohùn àgbà ni, ohùn ọkùnrin tó ti bí ọmọ tó ti ní ọmọ ọmọ. Orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó mọ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. A dúpẹ́, sà."

"Ẹnjinníà àgbà ni mí láti ọ́fíìsì Ìbàdàn. Bùkọ́lá ọmọ mi ló ní kí n pè yín, fóònù rẹ̀ ti kú. Ó sọ fún mi pé kò sí ìyá tó dà bíi yín ní gbogbo Kétu."

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ní kí n bá wọn ṣí ìlẹ̀kùn. Ìbéèrè náà dé ẹnu mi. Kí n wá bi bàbá bàbá pé, "Irun wo ló wà lórí yín, sà?" Wọ́n á ní ta ló tọ́ obìnrin yìí dàgbà? Ojú tì mí fún wọn, ojú tì mí fún ara mi. Mo gbé ìbéèrè náà mì.

Mo fi àmì sí àpótí òkè. Ó ní, "Ẹ fi sí ti ìsàlẹ̀ náà, Ìyá." Mo ní Aunty sọ pé kí n máà fọwọ́ kàn án. Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Bùkọ́lá ṣì jẹ́ ọmọdé. Èmi ni mo ń sọ fún yín." Mo fi àmì sí i.

Kò pẹ́ tí ọfà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo dúró, mo ń wò ó pé kó yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yí po rárá. Tààrà ló lọ síbi tí àwọn orúkọ wà. Mo ní bóyá àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìdì orúkọ kan, ó pa á rẹ́. Ó ṣí òmíràn. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ẹni tó kí mi tó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, kí ló dé tó wọlé mi láìkí? Kì í ṣe ará ilé wa. Ẹni tí Aunty bá rán, á mọ bí a ṣe ń wọlé.

Mi ò mọ ohun tí mo lè tẹ̀ láti lé e jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ wáyà aláwọ̀ búlúù tí Aunty ti fi hàn mí pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń gbà wọ inú sáfà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á yọ. Ọfà náà dúró sójú kan. Ariwo ta níta: "Ìyá Sáfà, kò ṣiṣẹ́ mọ́ o!"

Mo pe Aunty lórí fóònù rẹ̀. Ìpè kan péré, ó gbé e. Fóònù rẹ̀ ò kú.

Mo sọ ohun gbogbo, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí mo ṣe fún mi. Àpótí ìsàlẹ̀ yẹn, òun ló ń jẹ́ kí èèyàn wọlé láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó wá ní, "Mummy, ẹ gbọ́ mi. Ẹ máà sunkún. Ẹ lè sunkún bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí méjèèjì."

Mo yọ ọ́. Ó ní kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ìlà ìpàkọ́, ẹ̀kẹta láti etí òsì. Ìlà iwájú, èkejì láti etí ọ̀tún. Ìka mi ò ṣìnà. Ó ní kí n ki wáyà búlúù bọ̀ ọ́.

"Ó yá, Mummy, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi kíákíá!"

"Irun wo ló wà lórí yín?"

"Mummy!"

"Irun wo, mà?"

"Kòlẹ́sẹ̀! Kòlẹ́sẹ̀ ni!" Mo gbọ́ bí ó ṣe ń pa ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ẹkún.

Mo fi àmì sí àpótí òkè. Ọfà náà wọlé, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó. Àwọn orúkọ tí olè náà pa rẹ́, Aunty ní ẹ̀dà wọn ti àná, ó kó wọn padà. Ti àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Ìkòsí tó wá láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan ni kò rí. Èmi àti Kẹ́mi, akọ̀wé ọ̀gá wa, sáré lọ gba ìwé wọn, Kẹ́mi tún wọn tẹ̀. Kí wọ́n tó ti géètì ilé iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí orúkọ kan tó kù nílẹ̀. Títí dòní, a ò mọ ẹni tí olè náà jẹ́.

Ẹ máa rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá Adégòkè, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ní kí Aunty Bùkọ́lá wá láti Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ Bùkọ́lá ni wọ́n fi ṣí ìlẹ̀kùn fún olè. Èmi kò ní orúkọ kankan nínú ẹ̀rọ. Gbogbo ọ́fíìsì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa lé e.

Ó bá mi níbi àtẹ̀gùn kó tó wọlé. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Mummy, ẹ máà sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin ni, wọ́n á ní kí ẹ máa lọ sílé. Èmi ṣì lè rí iṣẹ́ mìíràn."

"Pẹ̀lú orúkọ pé o ṣílẹ̀kùn fún olè?"

"Ẹ gbọ́ tèmi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni ọ̀gá yín."

"Inú yàrá nìyẹn," mo ní. "Ìta la wà báyìí."

Mo ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ọ̀gá Adégòkè jókòó sẹ́yìn tábìlì. Èèyàn gíga ni, orí rẹ̀ pá, ó sì ń dán gbinrin. Mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, èmi ni mo ṣí i. Aunty ò mọ̀ sí i. Wọ́n kọ́ mi dáadáa, èmi ni mi ò ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi."

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Kí ló fà á?"

"Àgbàlagbà ló pè, sà. Ojú tì mí láti bi í léèrè."

"Ojú tì yín." Ó wo Aunty. "Ṣé o gbọ́? Ìyá tí kò mọ̀wé lo fi ilé iṣẹ́ mi sí lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kí wọn dáadáa, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un." Ọ̀gá dìde. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Mo ní ẹnì kan ní Gbàgádà tó mọ nǹkan wọ̀nyí ju gbogbo yín lọ. Ó fẹ́ wọlé wò ó kí n tó mọ ohun tí màá ṣe."

A wọ yàrá náà. Ọ̀gá ti gbé fóònù sétí, ó ń bá ẹni Gbàgádà sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi. "Ìyá, ẹ ṣí i."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ara yín sípò mi. Ọ̀gá tó lè lé mi, tó lè lé ọmọ yìí, òun ló dúró lókè orí mi. Yàrá ni a sì wà. Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀.

"Ẹ dákun, Ọ̀gá. Irun wo ló wà lórí yín?"

Kẹ́mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi aṣọ bo ẹnu. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sórí rẹ̀ tó ń dán bí ẹni fẹ́ wò ó bóyá nǹkan ti hù níbẹ̀.

"Kí lẹ wí?"

"Irun tó wà lórí yín, sà. Bí ẹ bá sọ ọ́, màá ṣí i kíákíá."

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé mo lè ní kí ẹ máa lọ báyìí?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ilé iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀!"

"Ẹ máà bínú, sà. Mi ò lè ṣí i."

Ilẹ̀ tútù. Orúnkún mi ń dùn mí. Mi ò gbé ojú sókè, mi ò sì dìde lọ síbi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti rọ̀ díẹ̀. "Bùkọ́lá. Irun wo ló wà lórí mi?"

"Kòlẹ́sẹ̀ ni, sà," ni Aunty wí.

Ọ̀gá tún fọwọ́ pa orí. Ó gbin bí ẹni tó ń gbé ẹrù. "Ìyá, kòlẹ́sẹ̀ ló wà lórí mi."

"Ẹ ṣeun, sà." Mo dìde, mo ṣí i. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ọ̀gá ti jókòó sórí àga mi, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni Gbàgádà ń pariwo nínú fóònù pé kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ní irun.

Wọn ò lé Aunty Bùkọ́lá. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ kan, wọ́n sì kọ orúkọ tèmi náà sínú ẹ̀rọ kó lè máa hàn pé èmi ni, bí mo bá ṣí i. Èmi padà sídìí ìgbálẹ̀ fún oṣù kan, ó tọ́ sí mi. Nígbà tí oṣù pé, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá wá fún mi. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá apárí yẹn ń bi Aunty Bùkọ́lá pé irun wo la dì lọ́sẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan ń yí padà. Kọ̀ǹpútà tó tóbi bí àpótí aṣọ di èyí tó fẹ́lẹ́ bíi tíréè. Fóònù onígun tó wà lórí tábìlì di èyí tí mo ń so mọ́ ìgbànú ìró. Àpótí kéékèèké méjì yẹn náà kò sí níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ mọ́, Aunty sì wá láti Ìbàdàn fún ọjọ́ méjì láti tún ìka mi kọ́. "Ẹ tún un ṣe, Mummy." Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Mo tún un ṣe. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó gbogbo sáfà náà lọ sókè òkun, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣọ́ ọ. Yàrá òtútù di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún náà. Ọmọ mi Bùkọ́lá ń pè mí gbogbo ọdún Iléyá, ó sì ti ní ọmọbìnrin méjì tí mi ò tíì rí irun wọn.

Múfútàú, àbíkẹ́yìn mi, ń ṣọ́ géètì ẹ́síteètì kan ní Gbàgádà. Ọjọ́ kan ló wálé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Bàbá kan gbé mọ́tò ńlá dé, ó fun fèrè, Múfútàú sì ṣí géètì fún un láìbéèrè ibi tó ń lọ, ni ọ̀gá rẹ̀ bá bá a wí gidigidi. Ó ní, "Màámi, àgbàlagbà ni. Ṣé kí n wá máa bi bàbá bíi bàbá mi léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú olè?" Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì wà níjókòó.

Mo ní kí wọ́n súnmọ́ mi. Mo ní, "Mi ò tọ́ yín kí ẹ máa rí àgbà fín. Bí bàbá náà bá tún dé, Múfútàú, dọ̀bálẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí àyà rẹ kan kọnkéré. Níbi tí o dọ̀bálẹ̀ sí, bi wọ́n pé, 'Ẹ káàbọ̀, sà. Ilé ta lẹ ń lọ?' Bí wọn ò bá tíì dáhùn, má dìde, má sì ṣí géètì."